Ọmọ Pirámárì 4 tí kò mọ b yàtọ̀ sí d: ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ fóònù àti kíláàsì yìí

TíṣàMushin · Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Iléèwé ìjọba ni mo ti ń ṣe tíṣà nílẹ̀ Mushin níbí, Pirámárì 4 ni mo mú, ọmọ 53 ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì, mo mọ̀ pé kò tó, ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá. Ọ̀sẹ̀ tá a wọlé, mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí láti ọdún 9 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo pe àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan sídìí tábìlì mi, mo gbé bébà kan kalẹ̀, létà mẹ́wàá lókè, ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́wàá lábẹ́ ẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin, wá ìtàn kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá, mo ní kó máa kà á fún mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọmọ kan ń gbà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é.

Ẹ gbọ́ o. Àwọn tó ka ìtàn yẹn parí ò ju 11 lọ. Àwọn 19 ka gbólóhùn, ìtàn há wọn lọ́fun. Àwọn 14 ò kọjá ọ̀rọ̀ bíi bàtà àti ilé. Àwọn 9 tó kù, mo ní kí wọ́n fọwọ́ kan b, wọ́n fọwọ́ kan d. Pirámárì 4! Bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ tí mo bá kọ ẹ̀kọ́ sójú pátákó tí mo ní ó yá, ẹ kà á, gbogbo ilé á máa mì tìtì. Àṣé àwọn 11 yẹn ló ń dá orin, àwọn tó kù ń gbè é lẹ́yìn wọn ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti fi ń gbè é fún mi o.

Wàyí o, mo ní fóònù àtijọ́ méjì, ojú ọ̀kan ti là díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ní òun á fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan. Ṣé ẹnì kan ti fi irú nǹkan yìí kọ́ ọmọ níbi tí ọmọ náà dé dúró, kì í ṣe ibi tí síláàbọ́ọ̀sì ní kó wà? Ẹ gbà mí.

Ìyá_Fàtíà · 8:31 alẹ́

Tíṣà, ṣé ọmọ mi kọ́ ló wà ní kíláàsì yín ṣá? Torí bí ẹni pé inú pálọ̀ mi lẹ jókòó sí tẹ́ ẹ fi ń kọ ọ́. Tèmi gbé ipò kẹfà wálé ní sáà tó kọjá, mo se ìrẹsì, mo bu fún ojúlé mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì a wọ dánfó láti Ìdí-Orò, mo ní Fàtíà kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn mọ́tò iwájú yẹn, ó wò ó títí ó ní mọ́mì, a ò tíì ṣe ìyẹn ní kíláàsì. Kí ilẹ̀ lanu ni mo rò. Bẹ́ẹ̀ owó lẹ́sìn ni mò ń san lóṣooṣù, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́sàn-án náà ni tíṣà lẹ́sìn ń tún ṣe fún un nírọ̀lẹ́.

HM_Àtijọ́ · 9:02 alẹ́

Mo kí gbogbo yín. Ọdún 33 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà, o káre, nítorí pé etí ara rẹ lo fi gbọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wa ló lo iṣẹ́ parí láìṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń kọ mí lóminú. Láyé tiwa a máa ń pín wọn sí A, B àti C. Ọmọ tó bá ti bọ́ sí C, C náà ló máa bá dé Pirámárì 6. Tíṣà tí HM, ìyẹn ọ̀gá iléèwé, kò bá fẹ́ràn ni wọ́n sì máa ń gbé C fún, èmi náà gbà á rí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbúrò tó wà ní A á máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní olódo nínú ilé. Ṣé kì í ṣe C yẹn la fẹ́ fi ẹ̀rọ dá padà báyìí?

Àdùkẹ́_Yábàá · 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà. Ìbéèrè yín yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ohun tí Tíṣà ṣe yẹn, àwọn ará Íńdíà ti ń ṣe é tipẹ́. Ẹgbẹ́ kan ń jẹ́ Pratham, Mumbai ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995, láti 2005 ni wọ́n sì ti ń gbé ìdánwò ASER káàkiri àwọn abúlé, bébà kan ṣoṣo bíi ti Tíṣà, ilé ni wọ́n ń bá ọmọ kì í ṣe iléèwé. Tó bá wá di kí wọ́n kọ́ wọn, wọ́n á pa kíláàsì tì fún wákàtí kan sí méjì lójúmọ́, àwọn ọmọ Pirámárì 3, 4 àti 5 tó dúró síbi létà á jókòó pọ̀, àwọn tó dúró síbi ọ̀rọ̀ á jókòó pọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wákàtí yẹn bá ti pé, kálukú á gba kíláàsì ẹ̀ lọ.

Bàbá, ibi tó ti yàtọ̀ sí C tiyín ni pé kò sẹ́ni tó ń kọ́lé síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n á tún gbọ́ ọmọ lẹ́nu, ẹni tó bá ti kọjá létà á dìde níbẹ̀. Kódà ìpín gidi tó jọ tiyín, wọ́n dán an wò ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà ní iléèwé 121, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Duflo, Dupas àti Kremer ló gbé e jáde ní 2011. Àwọn ọmọ Pirámárì 1 ni, níbi tí wọ́n ti pín wọn bí wọ́n ṣe mọ̀wé tó, àtẹni tó mọ̀wé àtẹni tí ò mọ̀ ọ́n ló jọ jèrè, torí tíṣà mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Duflo àti Kremer yìí pẹ̀lú Banerjee ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019.

ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó · 10:17 alẹ́

Ẹ̀yin ń bá Íńdíà lọ, ẹ ń bá Kẹ́ńyà bọ̀. Ọmọ 53, fóònù méjì ààbọ̀! Ṣé wọ́n á máa tọ́ ọ wò bí ọbẹ̀ ni? Ọmọ tó bá ti rí fóònù, TikTok ló ń wá. Ládùúgbò wa níbí ọmọ ọdún mẹ́rin ń ṣí YouTube fúnra ẹ̀, kó wá ka A dé D ni kò mọ̀. Ẹ fi pátákó, ẹfun àti ẹgba kọ́ wọn bí wọ́n ṣe kọ́ wa jàre. Kí Tíṣà dá tábúlẹ́ẹ̀tì padà fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

TíṣàMushin · 10:25 alẹ́

Bọ̀dá mi, ẹgba kẹ̀! Mo ti na ọmọ lórí b àti d rí. Ó mọ ẹgba, kò mọ b.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé tábúlẹ́ẹ̀tì ṣàjèjì sí wa o. Láti 2020 tí EKOEXCEL, ètò ìjọba fún àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tábúlẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ àwa tíṣà, inú ẹ̀ la ti ń rí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọmọ máa fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ni mò ń béèrè, fún wákàtí kan tá a bá parí iṣẹ́ ọjọ́.

Bátìrì_Ìkẹjà · 11:08 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí ọ̀rọ̀ ti wá bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, fóònù ni mò ń tún ṣe ní Computer Village. Tíṣà, ẹ yọ síìmù kúrò nínú fóònù yẹn, ẹ nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ nù, ẹ wá gbé ápù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà sí i, méjì péré ti tó. Android ní ibì kan nínú sẹ́tíńgì tí wọ́n fi ń kan ápù mọ́jú fóònù, tẹ́ ẹ bá ti kàn án mọ́ ọn tẹ́ ẹ fi PIN dè é, ọmọ ò lè jáde síta, TikTok tí bọ̀dá Ìsàlẹ̀ Èkó ń bẹ̀rù ti parí nìyẹn. Ojú tó là, ẹ lẹ sẹ̀lótéèpù mọ́ ọn kó má baà gé wọn lọ́wọ́. Àmọ́ tí bátìrì bá ti wú pẹ́nrẹ́n, ẹ gbé e kúrò nítòsí ọmọ, ẹ má bá mi ṣe ó ṣì ń gbáná. Ìyẹn ni mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín lé lórí.

Nǹkan kejì. Ìdíje kan wà tí wọ́n parí ní 2019, Global Learning XPRIZE, Elon Musk ló gbé owó ẹ̀ kalẹ̀. Abúlé bíi 170 ní agbègbè Tanga ní Tanzania ni wọ́n kó tábúlẹ́ẹ̀tì lọ, wọ́n pín in fáwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ẹnu ọ̀nà iléèwé, oòrùn ni wọ́n fi ń gbáná sí i, Swahili ló ń bá wọn sọ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láti ibi tó mọ̀, tó bá gbà á á gbé e síwájú, tó bá ṣì í á tún un sọ. Onebillion àti Kitkit School ló jọ gbé ipò kìíní, wọ́n pín mílíọ̀nù 10 dọ́là, kóòdù wọn sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé e wọ èdè mìíràn. Ẹ̀yin ọmọ Yábàá tẹ́ ẹ ń kọ ápù oúnjẹ lójoojúmọ́, ẹ ti gbọ́ o.

Àdùkẹ́_Yábàá · Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Èmi ò kọ ápù oúnjẹ o 😂

Lórí fóònù tí ò tó, ẹ má fòyà. Ní Vadodara ní Íńdíà kan náà, ìjọba fún iléèwé kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ń jókòó méjì méjì sídìí ọ̀kan, wákàtí méjì lọ́sẹ̀, géèmù ìsirò ni wọ́n ń ta, géèmù yẹn sì ń le sí i bí ọmọ bá ṣe ń gbà á. Ìsirò wọn gbéra gan-an. Ìwé kíkà ò kúrò níbi tó wà, torí ìsirò nìkan ni wọ́n fi sínú ẹ̀, ẹ̀rọ ò ní kọ́ ọmọ lóhun tí wọn ò fi sí i nínú. Ọdún kan lẹ́yìn tí ètò yẹn dúró, púpọ̀ nínú èrè yẹn ti lọ. Ìwé tó sọ ọ́ jáde ní 2007. Mo sọ ìyẹn kẹ́ ẹ má lọ rò pé ẹ ṣe é ní sáà kan ó tán.

Èyí tó tún sún mọ́ tiwa, ní Delhi, ápù kan ń jẹ́ Mindspark, àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ni, lẹ́yìn iléèwé. Ìṣẹ́jú 45 lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú 45 lọ́dọ̀ èèyàn. Ápù yẹn fúnra ẹ̀ ló rí i pé ọ̀pọ̀ wọn wà ní kíláàsì kan, ọgbọ́n wọn wà ní kíláàsì bíi mélòó kan sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ wo ìdajì àkókò yẹn, èèyàn ló ni ín.

Alátà_Oyíngbò · 1:22 ọ̀sán

Ẹ dákun, ọjà ò tà lónìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Gbogbo yín ń sọ ìwé kíkà, ẹ wá gbọ́ ti ìsirò. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ mi, tó bá ti iléèwé dé á wá bá mi ní ìsọ̀. Oníbàárà á ra ata 1,350, á mú 2,000 wá, kó o tó ṣẹ́jú ọmọ yìí ti ka 650 lé e lọ́wọ́. Kò fi fóònù ṣírò, kò fi ìka ṣírò. Tíṣà wọn wá ní òdo ló ń gbà nínú ìsirò. Mo ní kò ṣeé ṣe, mo gbé bébà fún un, 2,000 yọ 1,350 kúrò. Ẹ mọ ohun tó kọ? 1,350! Ó ní òdo àti òdo, òdo. Òdo àti márùn-ún, márùn-ún. Òdo àti mẹ́ta, mẹ́ta. Mo ní ìwọ, tí mo bá fún oníbàárà ní 1,350 padà, kí ló kù mí kù? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní Àǹtí, ìyẹn owó ni, èyí ìsirò ni.

Ẹ dákun kí ápù yín tó pe ọmọ mi ní olódo kó kọ́kọ́ bá a dúnàádúrà.

Àdùkẹ́_Yábàá · 1:45 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ ò ní gbà á gbọ́, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2025 lórí nǹkan tẹ́ ẹ sọ yìí gẹ́lẹ́. Banerjee àti Duflo wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ tó ń tajà láwọn ọjà Kolkata àti Delhi, wọ́n rajà lọ́wọ́ wọn, ìṣirò owó pé pérépéré, wọ́n wá gbé irú ìṣirò kan náà ka orí bébà, wọ́n fìdí rẹmi. Àwọn ọmọ iléèwé tí ò tajà wá ṣe òdì kejì ẹ̀, bébà ni wọ́n mọ̀, tọjà dàrú mọ́ wọn lójú.

HM_Àtijọ́ · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Alátà, o pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ó sì mú mi rántí ọ̀rọ̀ èdè tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní iléèwé St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìsirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó gbọ́ ọ dáadáa ló ń kọ́ ọ. Àwọn èèyàn bú wọn pé wọ́n fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ tó kù. Èmi wà ní tíṣà kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tá a ń gbọ́ ọ. Kí ẹ tó gbé ápù kan fún ọmọ, ẹ bi í pé èdè wo ló ń sọ.

TíṣàMushin · 7:15 alẹ́

Bàbá, ẹ bọ́ sí i! Lónìí ni mo gbé ápù Gẹ̀ẹ́sì kan fún ọ̀kan nínú àwọn 9 yẹn. Ó ní b, ó fi bọ́ọ̀lù hàn án, ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ó tẹ b, ó gbà á, inú wa dùn. Ó fi ológbò hàn án, ọmọ ní ológbò, ó tẹ o. Ápù ní ó kùnà, ó dún kòò. Ọmọ wojú mi bíi pé èmi ni mo dún. Ta ló kùnà nínú wọn? Létà 25 la ní, c ò sí níbẹ̀, gb wà, ẹ wà, ọ wà, ṣ wà, ápù yẹn ò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó · 7:19 alẹ́

Ó ti sá lọ.

TíṣàMushin · ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, 8:40 alẹ́

Mi ò sá o. Ẹ jókòó, ó gùn díẹ̀.

Mo pín wọn sí mẹ́rin, àmọ́ torí C tí Bàbá sọ, mi ò pe ẹnikẹ́ni ní A tàbí C. Bọ́sítọ́ọ̀pù ni mo fi sọ wọ́n. Àwọn létà wà ní Mushin, àwọn ọ̀rọ̀ wà ní Ojúẹlẹ́gba, àwọn gbólóhùn wà ní Yábàá, àwọn ìtàn ti dé CMS. Mo ní ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wa wọ̀, ibi tí kálukú ti wọlé ló yàtọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ga jù mí lọ díẹ̀ báyìí wà ní Mushin, ojú tì í lọ́jọ́ kìíní, kò fẹ́ jókòó pẹ̀lú àwọn kékeré, mo bá sọ ọ́ di kọ̀ǹdọ́, òun ló ń pè wọ́n wọlé. Ó ti yanjú.

Lórí ẹ̀rọ. Mo pa ápù yẹn tì fún ìwé kíkà. Mo gbé fóònù, mo fi ohùn ara mi ka létà kọ̀ọ̀kan lédè Yorùbá, àti ọ̀rọ̀ 40, mo ya àwòrán ohun tó wà ládùúgbò, igbá, bàtà, kẹ̀kẹ́, àkàrà, mo tò ó bí èèyàn ṣe ń to fọ́tò. Ọmọ á wo ọ̀rọ̀, á sọ ọ́ lẹ́nu, á wá tẹ ohùn láti gbọ́ bóyá ó gbà á. Méjì méjì sídìí fóònù kan. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ò gbọ́dọ̀ sọ, ẹni tó ń sọ ò gbọ́dọ̀ tẹ̀, wọ́n á pààrọ̀, torí lọ́jọ́ kejì mo ti rí i pé ẹni tó gbójú ló ń tẹ̀ gbogbo ẹ̀, ẹnì kejì á kàn máa wòran. Ápù ìsirò ni mo fi sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, àwọn Yábàá àti CMS ló ń lò ó nígbà tí mo bá jókòó ti àwọn Mushin. Àǹfààní tí mo rí jù nínú ẹ̀rọ nìyẹn, pé ó bá mi gba àwọn tó lè dá ṣe é, kí èmi lè ráyè jókòó ti ọmọ 9.

Ìsirò owó, mo lọ gba ìmọ̀ràn Alátà. A fi ìdérí ìgò ṣe owó, wọ́n ra ata, wọ́n gba ṣéńjì, ẹ̀yìn náà la tó wá kọ ohun tí ọwọ́ wọn ti ṣe sórí bébà.

Ohun tó bọ́ síbi tí mi ò rò ni vóìsì nóòtì. Lọ́jọ́ Ẹtì mo máa ń gba ohùn ọmọ bó ṣe ń kàwé, mo fi ń ránṣẹ́ sí òbí ẹ̀ nìkan lórí WhatsApp, mi ò gbé e sí gúrúùpù. Bàbá kan tó ń wa mọ́tò pè mí láago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ní tíṣà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti gbọ́ ọ.

Èyí tí ò lọ dáadáa: iná. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù kú kí wákàtí tó pé. Ọmọ mẹ́ta ò wá mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní torí ọjà ni wọ́n ń lọ nírọ̀lẹ́. Méjì nínú àwọn 9 ṣì ń da b pọ̀ mọ́ d, ọ̀kan nínú wọn, mo rò pé ojú ni wọ́n máa bá a yẹ̀ wò, mo ti sọ fún ìyá ẹ̀.

ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó · 8:58 alẹ́

Mi ò tíì gbà o. Àmọ́ mo ní páwà báńkì kan tó tóbi nílé, 30,000mAh, mi ò lò ó mọ́. Ẹ sọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Ìyá_Fàtíà · 9:03 alẹ́

Bọ̀dá, Ọlọ́run á fún yín ní ti yín. Tíṣà, ẹ dákun ẹ fi bébà yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ mọ bọ́sítọ́ọ̀pù tí Fàtíà wà.

HM_Àtijọ́ · 9:20 alẹ́

Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé ẹnì kankan ti ṣí kúrò ní Mushin?

TíṣàMushin · 9:26 alẹ́

Márùn-ún sà. Tí ọmọ bá ti ka ọ̀rọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láìṣì, mo máa ń ní kó kó báàgì ẹ̀ lọ sí bẹ́ǹṣì kejì. Kọ̀ǹdọ́ mi yẹn ló ṣe é lọ́jọ́rú. Ó ka èyí tó kẹ́yìn, àkàrà ni, ó sinmi díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì gbàà, ó pariwo mọ́ gbogbo kíláàsì pé: «Ojúẹlẹ́gba, ó wà o!»